Ẹnìkan Kì í Jẹ́ "Àwá Dé": Igbó Irúnmalẹ̀ Fágúnwà àti Ìtàn Ìwáṣẹ̀ Ìran Yorùbá

1.0 Ìfáárà

Ní ọdún 1937 ni ìwé The Hobbit láti ọwọ́ J. R. R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní Yunifásítì Oxford, jáde. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1938, ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ láti ọwọ́ Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, olùkọ́ ilé-ìwé tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Òkè-Igbó, jáde. Ilẹ̀ tí a ti kọ ìwé méjèèjì jìnnà sí ara wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé náà ṣe jọra. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá ayé kan sílẹ̀ tí ó ní igbó, òkè, ọ̀nà àti ẹ̀dá abàmì tirẹ̀, ó sì rán ènìyàn lọ sínú rẹ̀ ní ìrìn-àjò tí ó kún fún ewu. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn òǹkàwé sì ń sọ nípa wọn: pé òǹkọ̀wé ti fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìtàn ìwáṣẹ̀.

Tolkien fúnra rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí Milton Waldman ní nǹkan bí ọdún 1951, ó ṣàlàyé pé ó ti wà lọ́kàn òun nígbà kan láti ṣe àkójọ ìtàn ńlá tí òun lè fi ta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ, nítorí pé ó dun òun pé ilẹ̀ náà kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tí ó so mọ́ èdè àti erùpẹ̀ rẹ̀. Nínú lẹ́tà yẹn kan náà ni ó ti fi èrò ọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ti Fágúnwà, àwọn òǹkàwé ni wọ́n ń fi oyè náà jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ń wá ibi tí ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa iwin, ebora àti ẹ̀mí àìrí wà ní kíkọ sílẹ̀, ìwé rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ayé tí Fágúnwà dá kò tíì di ìtàn ìwáṣẹ̀, àti pé ìpalára wà nínú lílò ó bí ẹni pé ó ti dà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ àtinúdá ni kò fi tíì dà á. Ohun tí ó fà á ni pé àwùjọ kò tíì gbà á lọ́wọ́ òǹkọ̀wé láti fi ṣe iṣẹ́ tí ìtàn ìwáṣẹ̀ máa ń ṣe. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà.

2.0 Iṣẹ́ Ìtàn Ìwáṣẹ̀ láàrin Yorùbá

Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìtàn ìwáṣẹ̀ ni ìtàn tí ó sọ bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀: bí ayé ṣe dáyé, bí ìlú ṣe tẹ̀dó, bí èèwọ̀ ṣe di èèwọ̀. Àlàyé yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Àlọ́ ìjàpá náà ń sọ ìdí tí igbá ẹ̀yìn ìjàpá fi rí págunpàgun, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò pe àlọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìtàn ìwáṣẹ̀ ìlú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó ya ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ́tọ̀.

Èkíní ni pé kò ní oní-nǹkan kan ṣoṣo. Ìtàn Odùduwà gbajúmọ̀ ní oríṣi méjì, ó kéré tán. Ní Ifẹ̀, wọn a máa sọ pé láti ọ̀run ni wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ wá, pẹ̀lú erùpẹ̀ àti àkùkọ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tí ó tan ilẹ̀ ká orí omi. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ìlà-oòrùn, ní Mẹ́kà, ni wọ́n ti ṣí wá. Oríṣi méjèèjì tako ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó pa èkejì. Àríyànjiyàn náà gan-an wà lára ohun tí ó mú ìtàn náà wà láàyè, nítorí pé ẹni tí ó bá ń jiyàn lórí ìtàn ti gbà pé òun ní ìpín nínú rẹ̀.

Èkejì ni pé ìtàn ìwáṣẹ̀ a máa ṣiṣẹ́. Òun ni ó wà lẹ́yìn adé Arè tí Ọọ̀ni máa ń dé níbi ọdún Ọlọ́jọ́. Òun ni ó wà lẹ́yìn irin tí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra ní orúkọ Ògún. Ìtàn Mọremí kò dúró sórí ahọ́n lásán. Ọdún Ẹdì ni Ifẹ̀ fi ń gbé e jáde lọ́dọọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun kò gba ìtàn náà gbọ́, ọdún yóò wáyé lójú rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé ó ní ilẹ̀. Ó lójú odò tí a lè tọ́ka sí, ó ní ojúbọ, ó sì ní igbó tí a kò gbọdọ̀ ṣá igi nínú rẹ̀. Àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun lọ sí Kúbà àti Bùràsíìlì kò rí ilẹ̀ yẹn gbé lọ, ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún òrìṣà wọn níbẹ̀ ni láti wá ojúbọ tuntun fún un.

3.0 Irú Ayé tí Fágúnwà Dá

Kò sí àní-àní pé Fágúnwà kò dá ayé rẹ̀ láti inú òfo. Iwin, ebora, ọ̀rọ̀, egbére àti àǹjọ̀nnú ti wà lẹ́nu àwọn àgbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ìtàn ọdẹ tí ó pàdé ẹ̀dá abàmì nínú aginjù kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó dàgbà ní Òkè-Igbó nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ipa Bíbélì àti ti ìwé ìrìn-àjò onígbàgbọ́ tí John Bunyan kọ hàn nínú rẹ̀ kedere. Ìwé Bunyan yìí ti wà ní Yorùbá láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ohun tí ó jẹ́ ti Fágúnwà fúnra rẹ̀ ni àkópọ̀ wọn, èdè tí ó fi gbé wọn kalẹ̀, àti ètò tí ó fi tò wọ́n.

Ohun kan nínú ètò náà ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí. Àkàrà-ògùn ni ó tọ ẹni tí ń sọ ìtàn wá, tí ó sì ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé kí ó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n sì ń pọ̀ sí i níbi tí ó ti ń sọ ìtàn náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó pòórá. Ọgbọ́n òǹkọ̀wé ni èyí. Ó fẹ́ kí ìwé náà dà bí ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí gbogbo àwùjọ sì ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ó mọ̀ pé láàrin Yorùbá, ìtàn tí kò ní agbo kò níyì. Ṣùgbọ́n agbo inú ìwé kì í jiyàn bí agbo tòótọ́ ṣe ń jiyàn. Kò sí ẹni tí ó lè dìde láàrin wọn pé, "Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ ní àdúgbò tiwa." Ohun tí Àkàrà-ògùn bá ti wí ni abẹ gé.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ibùdó ìtàn. Ọba kan ni ó rán Àkàrà-ògùn, Kàkó, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ sí Òkè Láńgbòdó, ṣùgbọ́n kò sí ìlú Yorùbá kan tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọba tòun ni. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ lé e, orúkọ ìlú a máa wáyé, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó ń sọ ìwà ni. Èdìdàrẹ́ nínú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje (1954) jẹ́ ìlú àwọn òmùgọ̀. Ẹ̀kọ́ ni a fẹ́ fi kọ́ni, kì í ṣe pé a fẹ́ tọ́ka sí ibì kan.

Àìní ìlú yìí ni agbára ìwé náà. Ní ọdún 1948 ni a ṣí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà ní Ilé-Ifẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn kan ti dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945. Ẹgbẹ́ náà ń wá ohun tí yóò so Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ pọ̀, ìtàn ìwáṣẹ̀ ni ó sì fà yọ láti fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ní ọdún 1949 ni Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde. Ọmọ Ìjẹ̀bú kà wọ́n, ọmọ Èkìtì kà wọ́n, kò sì sí èyí tí ó rò pé wọ́n fi ìlú òun sí ìsàlẹ̀ ìlú ẹlòmíràn. Ohun tí Odùduwà kò lè ṣe láìdá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn aládé ni Àkàrà-ògùn ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni kò fi lè rọ́pò Odùduwà. Ìtàn tí kò sọ̀rọ̀ nípa adé ẹnikẹ́ni kò lè fi ìdí adé ẹnikẹ́ni múlẹ̀.

4.0 Fífi Òṣùwọ̀n Mẹ́ta náà Wọ̀n ọ́n

Bí a bá fi òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, Igbó Irúnmalẹ̀ ní oní-nǹkan, òfin sì ti ìyẹn lẹ́yìn. Fágúnwà kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà tí ó ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé, tí a tún ṣe ní ọdún 2022, ẹ̀tọ́ lórí ìwé yóò wà fún 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Nítorí náà, títí di òpin ọdún 2033, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ Ògbójú Ọdẹ di sinimá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Mọremí ṣe sinimá lónìí kò ní ilẹ̀kùn kankan láti kàn. Kì í ṣe pé òfin náà burú. Iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé yẹ kó mú oúnjẹ wọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a ní láti tọrọ kí a tó sọ ọ́ kò tíì di ti gbogbo ènìyàn.

Ní ti òṣùwọ̀n kejì, kò sí ẹni tí ó fi orúkọ Àgbákò búra, kò sí ìdílé tí ó ń fi Kàkó ṣe oríkì, kò sì sí oúnjẹ tí ó di èèwọ̀ nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òkè Láńgbòdó. Ìwé náà ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, iṣẹ́ náà sì tóbi: ó ń kọ́ni ní èdè, ó ń dá ẹ̀rín pani, ó sì ń kọ́ni ní ìwà. Ọjọ́ méje tí Ìrágbéje fi kọ́ àwọn ọdẹ wọ̀nyí lẹ́kọ̀ọ́ jọ ìwàásù tí a ṣe létòlétò. Ìwàásù lè yí ìwà ènìyàn padà, ṣùgbọ́n kì í fi ọba jẹ.

Ní ti òṣùwọ̀n kẹta, ilẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti hàn gbangba jù lọ. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà títí di òní nítorí pé àwọn ènìyàn gbà pé Ọ̀ṣun ń gbé inú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni ó kọ́kọ́ dá àáké dúró, kí àjọ UNESCO tó fi igbó náà sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Kò sí igi kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó dúró nítorí Igbó Irúnmalẹ̀. Ti Tolkien tilẹ̀ yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ ta lọ́rẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí Peter Jackson ṣe sinimá mẹ́ta láti inú ìtàn náà láàrin ọdún 2001 sí 2003, ilẹ̀ New Zealand ni ó ti yà á. Ibẹ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń lọ lónìí láti wo ilé àwọn ẹ̀dá inú ìwé rẹ̀.

5.0 Àtakò Méjì

Ẹnìkan lè sọ pé òṣùwọ̀n wọ̀nyí ti le jù. Nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò ayé ní FESTAC ní ọdún 1977, eré Láńgbòdó tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú Ògbójú Ọdẹ ni orílẹ̀-èdè yìí fi ṣojú ara rẹ̀ lórí ìtàgé. Bí ìjọba bá yan ìtàn kan láti fi ara rẹ̀ han ayé, ṣé ìtàn náà kò tíì di ti orílẹ̀-èdè? Ìdáhùn ni pé ìjọba lè yan aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí òde, ṣùgbọ́n aṣọ òde kọ́ ni awọ ara. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ Ògúnyẹmí kì í ṣe ìyàn tí ìjọba yàn án, bí kò ṣe pé ó fọwọ́ kan ìtàn Fágúnwà, ó tún un tò, ó sì gbé e síwájú agbo tí ó lè hó tàbí kí ó dákẹ́. Àwọn tí ó sún ìwé náà mọ́ ìtàn ìwáṣẹ̀ jù lọ ni irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ: pé gbogbo ìtàn ìwáṣẹ̀ ni ẹnìkan ti kọ́kọ́ dá nígbà kan, àti pé ìgbàgbé orúkọ ẹni náà nìkan ni ó sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Òtítọ́ wà nínú èyí, àpẹẹrẹ méjì sì tì í lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Finland, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Elias Lönnrot kó orin àwọn akéwì ìbílẹ̀ jọ, pàápàá ní agbègbè Karelia. Ó tò wọ́n, ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí àlàfo, ó sì tẹ Kalevala jáde ní ọdún 1835. Èyí tí ó tún ṣe ní ọdún 1849 ní orin 50. Àwọn ará Finland, tí wọn kò gba òmìnira títí di ọdún 1917, fi ìwé náà mọ ara wọn gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì lọ́dọọdún. Ní Òṣogbo, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, darapọ̀ mọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú láti mọ ère tuntun sínú Igbó Ọ̀ṣun. Irú ère bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Lónìí, àárín wọn ni àwọn olùbọ ń gbà kọjá lọ sí odò.

Àpẹẹrẹ méjèèjì fi hàn pé àtinúdá kò dí ọ̀nà mọ́ ìtàn ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n fi jọra. Ẹnu àwọn akọrin ni Lönnrot ti gba ọ̀rọ̀, ọwọ́ àwọn ènìyàn tí ó ń wá òmìnira ni ó sì dá a padà sí. Wenger gba ìsìn kí ó tó gbé amọ̀, àwọn tí ó ni igbó ni ó sì bá ṣiṣẹ́. Níbi méjèèjì, àwùjọ wà ní ìbẹ̀rẹ̀, àwùjọ wà ní òpin. Oníṣẹ́ ọnà kàn dúró láàrin ni. Ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé." Fágúnwà gba ohun púpọ̀ lẹ́nu àwùjọ, ṣùgbọ́n yàrá ìkàwé ni ìwé rẹ̀ dé sí, ibẹ̀ ni ó sì ṣì jókòó sí.

6.0 Ìpalára tí Ó Wà Níbẹ̀

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni, ì bá má sí ìdí láti fa gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Ṣùgbọ́n àṣìlò yìí ti ń jẹ èdè fúnra rẹ̀. Nínú Ifá, irúnmalẹ̀ ni àwọn tí Olódùmarè rán wá láti tún ayé ṣe: Ògún tí ó la ọ̀nà, Ọbàtálá tí ń mọ orí, Ọ̀ṣun tí iṣẹ́ àwọn yòókù kò gún láìsí i. Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, orúkọ yìí kan náà bo ẹ̀dá bí Àgbákò, tí ojú 16 yí orí rẹ̀ ká. Nọ́ńbà 16 pàápàá, tí ó jẹ́ ti ojú Odù nínú Ifá, ti di àmì ìbẹ̀rù. Wọlé Ṣóyínká fura sí ewu náà nígbà tí ó túmọ̀ ìwé yìí ní ọdún 1968. Nínú The Forest of a Thousand Daemons, ó yẹra fún àkọtọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹ̀mí búburú. Àkọtọ́ àtijọ́ tí ó ti inú Gíríìkì wá ni ó lò, èyí tí ó lè tọ́ka sí ẹ̀mí rere tàbí òdìkejì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà ní Yorùbá nìkan kò ní irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Èṣù. Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, ti fi orúkọ yìí pe ọ̀tá Ọlọ́run. Nígbà tí Olówó-ayé pàdé Èṣù-kékeré-òde nínú Igbó Olódùmarè, ẹbọra burúkú tí ó dí ọ̀nà ni òǹkàwé rí; kò rí Èṣù ońṣẹ́, tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Fágúnwà kò jẹ̀bi èyí. Onígbàgbọ́ ni, ìtàn àròsọ ni ó kọ, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ́ bí ó ti wù ú. Ẹ̀bi wà lọ́rùn ẹni tí ó fi ìwé rẹ̀ ṣe ẹ̀rí ohun tí Yorùbá gbà gbọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ nínú iṣẹ́ àṣelégboyè pé Yorùbá ka irúnmalẹ̀ sí ẹ̀dá tí ń pa ọdẹ jẹ, tí ó sì tọ́ka sí Fágúnwà, olùkọ́ tí ó fi àmì "ó tọ́" sí i ti bá wọn gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti sọ yìí kò dín iyì Fágúnwà kù. Ìwé rẹ̀ fi han Yorùbá pé èdè wọn lè ru ẹrù ìtàn àròsọ gígùn. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a máa kọ́ ọ ní ipò rẹ̀. Nínú kíláàsì, ẹsẹ Ifá tí ó sọ̀rọ̀ nípa irúnmalẹ̀ yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògbójú Ọdẹ, ìjálá ọdẹ yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí ibi tí òǹkọ̀wé ti yà kúrò lójú ọ̀nà àwọn àgbà. Àkàrà-ògùn kò ní kéré sí i nípa bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n òǹkọ̀wé ni yóò túbọ̀ hàn.

Ní ti bóyá Igbó Irúnmalẹ̀ yóò di ìtàn ìwáṣẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kì í ṣe àwọn lámèyítọ́ ni yóò pinnu rẹ̀. Bí ọdún 2034 bá wọlé, ẹnikẹ́ni ni ó lè mú Àkàrà-ògùn, kí ó fún un ní ìlú, kí ó yí òpin ìtàn rẹ̀ padà, kí ẹlòmíràn ní ìlú kejì sì bá a jiyàn pé irọ́ ni. Bí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn tí kò ka ìwé náà rí, a jẹ́ pé ìtàn ti kúrò lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Títí di ìgbà náà, ìtàn àròsọ ni.